Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Wúwo Jù Ni Kó Ṣíwájú

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti ẹ̀ka Amẹ́ríkà sọ níbi àpèjẹ ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

  

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá. Ó yẹ ká dúpẹ́, ó sì yẹ ká bi ara wa léèrè bí a ó ṣe ṣe mẹ́wàá tó kù.

Nígbà tí Akọ̀wé pè mí lórí fóònù, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlọsíwájú ẹgbẹ́ ní ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Mo ní mo gbọ́. Ẹ forí jì mí, ìrìnàjò kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, ọjọ́ márùn-ún la lò, etí omi la gbà, a sì ru ilé àti oúnjẹ wa sẹ́yìn. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ tí Akọ̀wé rán mi náà ni mo jẹ́.

Àwa márùn-ún la lọ. Gbogbo wa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ ńlá, ọ̀kan ni akápò ẹ̀ka wa, èmi sì ni ẹ̀karùn-ún. Olùkọ́ ló mú àbá náà wá sí ìpàdé. Ó ní oúnjẹ àti aṣọ nìkan la ń pàdé fún, ikùn wa sì ti ń ṣíwájú wa wọlé. Awakọ̀ wa fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi fẹsẹ̀ rìn láti oko wálé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí èmi má baà rìn. Èmi wá fẹ́ sanwó kí n lè rìn?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun gan-an ló kọ́kọ́ ra bàtà.

Ìpínlẹ̀ Michigan ni ibi tí a lọ wà, ní òkè lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Kánádà. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Superior. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń pè é ní Gichigami, ìyẹn Omi Ńlá. Ẹ má fi ọ̀sà wa ní Ẹ̀pẹ́ wé e o. Ìbú rẹ̀ tó gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà pa pọ̀, ó tún lé díẹ̀. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,333. Bí o bá dúró ní etí rẹ̀, o ò ní rí òdìkejì. Ìgbì ń lù bíi ti òkun, ṣùgbọ́n bí o bá bu omi náà mu, kò níyọ̀. Ó sì tutù! Kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ á yára fà á yọ.

Ní ọdún 1966 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya apá kan etí omi náà sọ́tọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Pictured Rocks, ìyẹn Àpáta Alárà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá láti ìlú Grand Marais dé ìlú Munising, ó tó máìlì 42. Ọ̀nà yẹn náà, apá kan lásán ni lára ọ̀nà ẹsẹ̀ mìíràn tó lé ní máìlì 4,000. Oṣù kẹsàn-án la lọ, nítorí pé eṣinṣin àti ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń wọ̀ bó ṣe wù ú. O ní láti gba ìwé àṣẹ, kí o sì sọ ibi tí o máa sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan kí o tó gbéra. Ohunkóhun tí o bá gbé wọlé, títí kan ọ̀rá búrẹ́dì, o gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ilé oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ibi ni fóònù kò sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, Olùkọ́ gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ó ní ẹrù ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ìjà dé! Ìkòkò irin jáde láti inú báàgì awakọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò mẹ́fà àti ìgò ata ńlá kan. Akápò gbé ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ dání, ó ní òun á máa yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. Olùkọ́ ní, "Yọ ọ́." A ń bẹ̀bẹ̀, ó ń yọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn lé ni gàrí Ìjẹ̀bú. Ó fúyẹ́, kò gba iná, omi tútù ti tó o, ó sì ń dúró nínú. A di gàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà sínú ọ̀rá, a pín in.

Òṣùwọ̀n wọn gbogbo ẹrù wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ náà wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì mi. Kò wúwo, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ní àtọ̀gbẹ, èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kìíní dára. A gba ẹ̀gbẹ́ òkè yanrìn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Grand Sable. Ibì kan wà níbẹ̀ tí yanrìn ti ga tó ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà sókè omi. Láyé àtijọ́, àwọn agégi máa ń yí ìtì igi láti orí òkè yẹn wọ inú omi. Bí o bá dúró lókè tí o wo ìsàlẹ̀, ojú á kọ́kọ́ ṣú ọ ná. Ní alẹ́, a kó gbogbo oúnjẹ wa sínú àpótí irin tí wọ́n ṣe síbẹ̀ nítorí béárì, a pàgọ́, a sùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí a kò kà sí. Awakọ̀ àti Akápò lẹ́sẹ̀ yá jù, wọ́n ń ṣíwájú. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá. Bí wọ́n bá jókòó dè mí, tí mo bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti sinmi tán, wọ́n á dìde. Ẹni tó rẹ̀ jù kò rí ìsinmi rárá. Bí wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé kò sí?" èmi á ní, "Kò sí o, mò ń wo omi ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sá sẹ́yìn igi, mo gún abẹ́rẹ́ mi. Wọ́n ti ń di ẹrù, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dúró nítorí tèmi, mo jẹ ìwọ̀nba díẹ̀, mo dìde. A kọjá ilé ìmọ́lẹ̀ ojú omi Au Sable, tí wọ́n tan iná rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1874, nítorí pé àpáta abẹ́ omi níbẹ̀ ti fọ́ ọkọ̀ púpọ̀. A tún rí pákó àti irin ara àwọn ọkọ̀ náà nínú yanrìn létí omi. Mo dúró wò wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sí etíkun gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Twelvemile Beach. Yanrìn funfun ni, omi lápá ọ̀tún, igi lápá òsì, kò sí ẹnì kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bò mí nínú òtútù. Mo fẹ́ pè wọ́n, ahọ́n mi wúwo. Mo jókòó sórí ìtì igi kan, mo sì rántí pé n kò sọ fún ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́rin yìí ohun tó ń ṣe mí.

Akápò ló bojú wẹ̀yìn tí kò rí mi. Ó pariwo, wọ́n sáré padà. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn mi. Ó ní, "Kí lo lò láàárọ̀?" N kò dáhùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì mi, ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó wò ó, ó wò mí. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ẹ mú ṣúgà gàrí wá, ẹ yára." Wọ́n po ṣúgà mọ́ omi, wọ́n fún mi mu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ ti lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀, ìrìn náà tún jẹ ìyókù, oúnjẹ tí mo jẹ kò sì tó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú mi fi là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pò mí ní gàrí, wọ́n dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé, "Ọdún mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́fà."

Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń jókòó ìpàdé, tí mò ń gbé ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ, tí ò ń mu ún."

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Òótọ́ ni. Mò ń mu ún kí wọ́n má baà bi mí pé kí ló dé tí n kò mu ún.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, létí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sevenmile Creek, a dáná, a jókòó yí i ká. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ẹnìkan nínú wa ní òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun kò sì lo oògùn òun láti oṣù mẹ́rin. Ẹlòmíràn fúnni ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó gbà kí n sọ ọ́ níbí, kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti oṣù mẹ́jọ. Owó aṣọ ẹgbẹ́ àti owó ayẹyẹ tí a wà nínú rẹ̀ yìí, gbèsè ni òun jẹ san án. Akápò dorí kodò, nítorí òun ló ń pe ẹni náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé kó tètè san.

Ogójì ọdún la ti mọ ara wa. A mọ ìyá ara wa, a mọ orúkọ tí wọ́n fi ń bú wa nílé ẹ̀kọ́. A kò mọ ẹrù tó wà lẹ́yìn ara wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Olùkọ́ yí ìlà padà. Ó ní, "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni kó ṣíwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ni kó kẹ́yìn." Wọ́n gba àgọ́ mi lọ́wọ́ mi, awakọ̀ gbé e. Wọ́n fi gàrí àti ṣúgà fún mi, wọ́n ní èmi ni olùṣọ́ oúnjẹ. Mo bọ́ síwájú. Ojú tì mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ojú kò tì mí mọ́. Bí mo bá dúró jẹun, gbogbo wa la dúró. Ẹ gbọ́ o: a tètè dé ibùsùn lọ́jọ́ yẹn ju ti àná lọ. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá kò pàdánù nǹkan kan. Nígbà tí a kò dúró wá ara wa kiri mọ́, ọ̀nà kúrú.

A kọjá lórí ibi tí omi kan ti ń já láti orí àpáta tààrà sínú adágún, nǹkan bí àádọ́rin ẹsẹ̀ bàtà. Lẹ́yìn rẹ̀ la dé ibi tí n kò lè gbàgbé. Chapel Rock ni wọ́n ń pè é. Àpáta kan dá dúró létí omi bí òpó, igi páìnì ńlá kan sì hù lórí rẹ̀. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ tó lè bọ́ irú igi bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àpáta náà so mọ́ òkè, bí ẹní fi afárá so ó. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, afárá náà wó sínú omi. Igi náà kò kú. Gbòǹgbò rẹ̀ ti na kọjá sí òkè kí afárá tó wó, ó sì ṣẹ́kù bí okùn lójú òfuurufú. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Àwa tí a wà lókè òkun lórí àpáta la wà. Ẹ ń rí ewé wa, ẹ ń rò pé ilẹ̀ wa lọ́ràá. Ẹ̀yin ni òkè tí gbòǹgbò wa nà sí. Ṣùgbọ́n n kò sọ èyí torí owó tí a ń fi ránṣẹ́ o. Ohun tó yẹ kó máa gba inú gbòǹgbò yẹn ni òtítọ́: "Ara mi kò yá." "Ọwọ́ mi kò tẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí." Bí ìyẹn bá dáwọ́ dúró, igi á gbẹ, ẹ ó sì máa rò pé ó ń sùn ni.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ ẹwà. Orí ògiri àpáta la gbà, àwọn mìíràn ga tó igba ẹsẹ̀ bàtà, omi aláwọ̀ ewé àti búlúù ń lù wọ́n nísàlẹ̀. Omi inú ilẹ̀ tó ń ro jáde lára àpáta náà ló kùn wọ́n: irin fún wọn ní pupa, bàbà fún wọn ní búlúù àti àwọ̀ ewé, mangáníìsì fún wọn ní dúdú. A dé Miners Castle, àpáta kan tó dà bí ilé ọba. Ilé ìṣọ́ méjì ló ní lórí tẹ́lẹ̀, ọ̀kan wó ní ọdún 2006. Ọjọ́ karùn-ún la wọ Munising, ẹsẹ̀ wa wú, a ń kọrin, awakọ̀ sì ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé sọ̀rọ̀ pé òun rin máìlì 42.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí mo wá sọ.

Gbogbo wa rántí ọ̀rẹ́ wa tí a sin ní ọdún kẹta sí ìsinsìnyí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa. Kíndìnrín ló pa á. Ó ń wá sípàdé, ó ń jó, kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó kú, a rán léèsì, a pe olórin, a sin ín bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe yẹ kó sin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti jókòó ṣírò owó léèsì yẹn. Ó máa tó ìtọ́jú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan, ó kàn jẹ́ pé ẹgbẹ́ wa mọ ọ̀nà tí a fi ń ná owó lé òkú lórí, kò tíì mọ ọ̀nà tí a fi ń béèrè ẹrù lọ́wọ́ alààyè. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n èèyàn lè máa rìn pọ̀ kó tún dá nìkan wà.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ pé kó ṣe ní ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀.

Èkíní, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù máa ṣíwájú. Bí a bá fẹ́ dá owó aṣọ tàbí owó ayẹyẹ, kí a kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ nǹkan jù láàárín wa, kí a fi agbára tirẹ̀ díwọ̀n. Ẹni tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ìyókù sínú àpò ẹgbẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Èkejì, kí a máa gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti dókítà wà láàárín wa. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà gbogbo wa, láti orí Ààrẹ dé orí ẹni tó wọlé lánàá. Omi tútù sì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹni tí kò bá lè mu ún má baà máa ṣàlàyé.

Ẹ̀kẹta, kí owó àìsàn ṣíwájú owó ìsìnkú. Ẹ̀ka Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa márùn-ún tí a rìn ni a kọ́kọ́ dá a, Akápò sì ti gbà pé kò sí ẹni tó máa dárúkọ ẹni tó bá gbà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá rí wa ní Ojúde Ọba lọ́dún yìí, ẹ ó rí wa nínú aṣọ kan náà, gèlè àti fìlà kan náà, ẹ ó sì ní a dọ́gba. Inú wa á dùn. Àmọ́ ẹ bá wa wò ó bóyá ẹni tó rọra ń rìn ló wà níwájú.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ẹrù rẹ̀ síta, kò sí ọwọ́ tó máa bá a gbé e. Èmi ti sọ tèmi lónìí, lójú gbogbo yín. Ara mi fúyẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jọ ṣe ogún ọdún, kí gbogbo wa pé, kí ẹnikẹ́ni má dín.